Ẹsẹ̀ Mi Ni Wọ́n Sin, Wọn Ò Sin Àrùn Náà

Ìwọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ẹsẹ̀ rẹ, tí wọ́n fi oògùn lé ọ lọ́wọ́ pé kí o máa lò ó títí ayé, ìwọ ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Mi ò wá kẹ́ ọ. Àwọn tó ń kẹ́ni ti pọ̀ tó nídìí ibùsùn rẹ báyìí, wọ́n ń sọ fún ọ pé ó ti tán, pé ewu ti kọjá. Irọ́ ni wọ́n ń pa. Wọn ò mọ̀ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n irọ́ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí mi, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ọmọ mi bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Bí ẹnu mi bá le jù, fara dà á. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnu mi ṣe le kí n tó di ẹlẹ́sẹ̀ kan.

Ìyá Sẹ̀sílì ni wọ́n ń pè mí ní Massè, lágbègbè Adja-Ouèrè. Epo pupa ni mo ń ṣe. Ẹni tí kò bá mọ bí a ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ wa, kó gbọ́: a ó se ẹyìn nínú àgbá títí yóò fi rọ̀, a ó dà á sínú kòtò tí a fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ inú rẹ̀, a ó wọ inú kòtò náà, a ó máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí ara rẹ̀ yóò fi bọ́ kúrò lára èkùrọ́. Ẹsẹ̀ ni irinṣẹ́ wa. Obìnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lágbára kò lè bá wa dúró níbẹ̀. Èmi rèé, n ó tẹ ẹyìn títí á fi rẹ àwọn ọmọbìnrin tí mo lè bí lọ́mọ, n ó jáde, n ó tan ìkòkò tábà mi, n ó fà á dáadáa, n ó sì tún padà sínú kòtò.

Inú kòtò yẹn náà ló ti mú mi. Ẹran ẹ̀yìn ojúgun mi ọ̀tún fún pọ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń fún omi kúrò lára aṣọ. Mo dúró, ó fi mí sílẹ̀. Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí tẹ ẹyìn, ó tún mú mi. Mo bú u, mo fi ọwọ́ gbá a, mo ń bá iṣẹ́ mi lọ. Nígbà tó yá, n kò lè rìn dé ọjà Adja-Ouèrè mọ́ láìdúró. N ó rìn díẹ̀, ẹsẹ̀ náà á gbá mi mú, n ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, n ó máa ṣe bí ẹni ń tún ẹrù orí rẹ̀ ṣe kí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mi má baà mọ̀. Wọ́n kúkú mọ̀. Wọ́n ní ọ̀lẹ ti wọ̀ mí lára, wọ́n ní bóyá ọkọ tuntun ni mò ń dúró dè lójú ọ̀nà. A jọ rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó sọ pé kí n lọ rí dókítà, nítorí ta ni í lọ rí dókítà torí pé ó rẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀?

Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ ọ̀hún bẹ̀rẹ̀ sí tutù. Ẹyìn gbígbóná ni mo ń tẹ̀, ẹsẹ̀ òsì ń jó mi, ọ̀tún kò mọ nǹkan kan. Ẹ̀gún imọ̀ ọ̀pẹ wá gún mi ní àtàǹpàkò ẹsẹ̀ náà. Ẹ̀gún kékeré tí mo ti yọ lọ́pọ̀ ìgbà láyé mi. Èyí kò jinná. Ó ń ṣe omi, ó ń fẹ̀ sí i, àwọ̀ etí rẹ̀ sì ń dúdú.

Ibẹ̀ ni ìwòsàn ti wá di ìjà lórí mi. Àwọn ará ilé ọkọ mi ní mo tẹ nǹkan tí wọ́n gbé sílẹ̀ dè mí. Bàbá Rọjé, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, òun ni olórí ilé wa, ó mú ọkùnrin kan wá tó sín gbẹ́rẹ́ yí ọrùn ẹsẹ̀ mi ká, ó ki ẹ̀tù dúdú bọ̀ ọ́. Gbogbo ojú gbẹ́rẹ́ yẹn di egbò. Ẹ̀gbọ́n tèmi obìnrin, aláṣọ funfun ni, ó ní kí n bọ́ bàtà, kí n wá dùbúlẹ̀ síwájú pẹpẹ; mo dùbúlẹ̀ títí, ara mi ń gbọ̀n. Obìnrin kan wá láti Tatonnonkon, ó fi àdí pa ẹsẹ̀ náà, ó ní kí n nà án síwájú iná kí ẹ̀jẹ̀ lè yọ́. Mo nà án. N kò mọ̀ pé iná ti ń jó mi, òórùn ara mi tó ń jó ni mo gbọ́. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó kórìíra mi o. Ìfẹ́ ni gbogbo wọn fi ń ṣe mí léṣe.

Ìrora tó tẹ̀lé e, n kò ní purọ́ fún ọ, ó sọ mí di ẹranko. Ó ń bu mí jẹ nínú egungun. Bí mo bá nà sílẹ̀ ó le sí i, n ó jókòó, n ó ju ẹsẹ̀ náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, n ó máa bú gbogbo ayé. Ọkọ mi, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kò pariwo mọ́ mi rí, fọwọ́ kan aṣọ tí mo fi bo ẹsẹ̀ náà, mo gbá a ní ìgbákọ lórí títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde. Ó fi ọwọ́ nu ẹ̀jẹ̀ náà, ó wò mí, ó jáde lọ pe zémìjàn, alùpùpù akérò. Kò béèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọ̀nà Massè sí Adja-Ouèrè tí alùpùpù yẹn gbé mi gbà lọ́jọ́ náà, mo rò pé mo ti kú sórí rẹ̀.

Ní ilé ìlera tó wà níbẹ̀, wọ́n wo ẹsẹ̀ náà, wọ́n sì darí wa sí ilé ìwòsàn ńlá. Èrò tó wà níbẹ̀ kò lóǹkà. A tò sórí bẹ́ǹṣì, àwọn tó jókòó tì mí ń sún kúrò díẹ̀díẹ̀ nítorí òórùn mi, títí bẹ́ǹṣì fi ku èmi nìkan. Mo bú wọn. Mo ní ó ń bọ̀ wá bá àwọn náà. Ọlọ́run dárí jì mí, mo fẹ́ kó bá wọn lóòótọ́.

Dókítà tó dá mi lóhùn, obìnrin ni, kò ju ọmọ mi lọ. Èdè Gun ni wọ́n ń sọ nílé wọn, ó sì ń sọ Yorùbá wa bí ẹni ń ju òkò. Ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn orúnkún mi, ó fọwọ́ kan orí ẹsẹ̀, ó ń wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń lù. Kò rí i. Ó ní ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà nínú ẹsẹ̀ yẹn ti dí, pé ohun tó ti kú ti kú, bí wọn kò bá gé e, ikú náà á gòkè. Mo gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù. Àwọn nọ́ọ̀sì wá dì mí mú, mo fi èékánná ya ọ̀kan lójú. Bàbá Rọjé náà ti gbọ́, ó sáré dé, ó ń pariwo pé wọn kò gé èèyàn rí nínú ilé àwọn. Ọkọ mi tẹ̀ka sí ìwé. Wọ́n gé e lókè orúnkún.

Fi ọkàn sí ohun tó kàn yìí, torí òun ni mo torí rẹ̀ jókòó.

Wọ́n di ẹsẹ̀ tí wọ́n gé náà, wọ́n gbé e fún àwọn ará ilé mi. Bàbá Rọjé gbé e lọ sílé. Ó gbẹ́ ilẹ̀ fún un lẹ́yìnkùlé, ó fi aṣọ mi kan wé e, ó da omi tútù sí i, ó sì bá a sọ̀rọ̀. Ó ní ìwọ àrùn, o ti gba tìrẹ, a ti sin ọ́ pẹ̀lú ohun tí o gbà, má padà wá. Gbogbo ilé ṣe àmín. Wọ́n jẹun, wọ́n mu ẹmu. Ó ti tán lójú wọn, ojú rere ni wọ́n sì fi ṣe é. Nígbà tí wọ́n ròyìn rẹ̀ fún mi lórí ibùsùn, mo sunkún, inú mi dùn.

Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ kúrò nílé ìwòsàn, dókítà yẹn mú oògùn méjì wá. Ọ̀kan kékeré, ó ní òun ni kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì pọ̀ dí ọ̀nà. Èkejì fún ọ̀rá tó lẹ̀ mọ́ inú ọ̀nà ẹ̀jẹ̀. Mo bi í pé ìgbà wo ni n ó lò ó tán. Ó ní kò sí ìgbà tí n ó lò ó tán. Mo ní àbí kò mọ̀ pé ẹsẹ̀ náà ti lọ ni?

Ó fa àga, ó jókòó síwájú mi. Ó ní: "Ìyá, ẹsẹ̀ la gé, a ò gé àrùn náà, kò ṣeé gé. Inú ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ló wà, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ sì wà nínú ẹsẹ̀ yín kejì, ó wà nínú ọkàn yín, ó wà nínú ọpọlọ yín. Bí ẹ ò bá lo oògùn yìí, ọ̀kan nínú wọn ló máa dí tẹ̀lé e. Tábà yẹn náà, ẹ jù ú nù lónìí."

Mo ju tábà nù. Kí àwọn tó wà nílé sọ ohun tí ojú wọn rí fún ọ. Ẹni tí kò fa tábà mọ́, tí kò lẹ́sẹ̀, tí ẹsẹ̀ tí kò sí níbẹ̀ sì tún ń dùn ún, kò ṣeé bá gbé. Ṣùgbọ́n mo ń lo oògùn mi. Ojú egbò náà jinná, ó di àpá. Mo ti ń fi bẹkíì, ọ̀pá abẹ́ apá, rìn káàkiri àgbàlá, mo ń jókòó ti àgbá ẹyìn, mo ń pàṣẹ fún àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́.

Ibi tí mo jókòó sí nìyẹn tí mo ti da hóró oògùn sí àtẹ́lẹwọ́ mi, Bàbá Rọjé sì dé. Ó bi mí pé oògùn kí nìyẹn. Mo ní oògùn ẹsẹ̀ ni. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní: "Mo ti sin àrùn yẹn. Mo ti bá a sọ̀rọ̀ tán. Kí ló dé tí ìwọ tún ń gbé oúnjẹ sílẹ̀ fún un?"

Ó rò pé mò ń pè é padà. Kì í ṣe ìkà ni. Ojú rẹ̀ ti rí ikú bàbá wọn, bàbá náà ń yarọ, ẹsẹ̀ dúdú, kò sí ẹni tó gé e. Ó kú pẹ̀lú igbe. Bàbá Rọjé gbà pé òun ti rí ojú ọ̀nà tí wọ́n fi ń lé e lọ, èmi sì wá ń ṣí ìlẹ̀kùn fún un lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó já páálí oògùn náà gbà lọ́wọ́ mi, ó sọ ọ́ sínú iná abẹ́ àgbá.

N kò ronú. Mo fi bẹkíì lù ú léjìká, mo tún un lù. Ó tì mí. Mo ṣubú lulẹ̀ lórí kùkùté ẹsẹ̀ mi, àpá náà sì là. Ẹ̀jẹ̀ àti epo dà pọ̀ mọ́ra nílẹ̀ níbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti gbé mi dìde, mo gbá ọwọ́ rẹ̀ mú, mo fi eyín bù ú jẹ títí iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fi dé ẹnu mi. Àwọn obìnrin ló fà wá yà. Ọkọ mi dúró láàárín, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì.

Wọ́n pe ìpàdé ẹbí. Wọ́n ní mo lu àgbà, mo gé àgbà jẹ, kí n kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Mo bi wọ́n pé orúnkún èwo. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n pàṣẹ pé oògùn yẹn kò gbọdọ̀ wọ inú ilé mọ́. Ọkọ mi tẹrí ba. Sẹ̀sílì ọmọ mi, tíṣà ni ní Pobè, ó fi oògùn ránṣẹ́ sí mi lọ́wọ́ zémìjàn. Bàbá Rọjé dúró lójú ọ̀nà, ó dá a padà.

Wò ó, èyí ni ẹ̀tàn tó wà nínú rẹ̀. Mo wà láìlo oògùn, kò sí nǹkan tó ṣe mí. N kò jí lọ́jọ́ kan kí n sọ pé lónìí yìí oògùn ń wù mí. Oògùn orí fífọ́, bí o kò bá lò ó, orí á sọ fún ọ. Oògùn yìí kò ní sọ nǹkan kan fún ọ. Oṣù ń lọ, ara mi le koko, èmi náà wá ń rò ó lọ́kàn mi pé bóyá Bàbá Rọjé ló mọ̀ ọ́n, bóyá ó sin ín lóòótọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo fẹ́ pe àwọn ọmọbìnrin tó ń tẹ ẹyìn pé kí wọ́n bu omi sí i. Mo la ẹnu, ohun tó jáde kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ó dà bí ohùn ewúrẹ́. Igbá bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún mi, mo ń wo ọwọ́ náà, kò dá mi lóhùn. Ẹnu mi yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, itọ́ ń ṣàn níbẹ̀. Wọ́n gbé mi tẹ́ sórí ẹní, gbogbo wọn ń sunkún, mo gbọ́ wọn ketekete, n kò lè bú wọn. Ọkàn mi ń pariwo nínú mi pé ọpọlọ ló kàn, dókítà yẹn ti sọ fún mi, ọpọlọ ló kàn. Ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ náà, ti ọjọ́ tí wọ́n gé ẹsẹ̀ mi kò tó o rárá.

Kí oòrùn tó dé àtàrí, ọwọ́ náà ti ń gbéra, ọ̀rọ̀ ti ń bọ̀, ó kàn wúwo. Bàbá Rọjé dúró sí ọ̀nà àbáwọlé. Ó ní ṣé mo ti rí i, oògùn tí mo lò lọ́jọ́sí ló pè é, ó ti padà dé. Gbogbo ilé ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo rí i pé bí mo bá dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbà gbọ́ yìí ló máa sin mí.

Mo ní kí wọ́n gbé ọkọ́ fún mi. Kò sí ẹni tó gbé e. Mo fi ìdí wọ́ kúrò lórí ẹní, mo wọ́ dé ibi tí ọkọ́ wà, mo wọ́ dé ẹ̀yìnkùlé, ibi tí wọ́n sin ẹsẹ̀ mi sí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí wa ilẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ń yọ̀ lára ọkọ́, mo fi òsì wà á. Bàbá Rọjé ké, ó sáré bọ̀, ó na igi sókè láti gbá ọkọ́ náà dànù, bóyá láti gbá èmi, n kò mọ̀. Ọkọ mi fò mọ́ ọn. Ọkùnrin tí kò já ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́nu rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Àwọn méjèèjì ṣubú, wọ́n ń yí nílẹ̀, igi náà ba ọkọ mi lẹ́nu, eyín rẹ̀ kan jáde. Ó dìde, ó tu ẹ̀jẹ̀ dànù, ó dúró síwájú mi.

Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kó wà á."

Mo wà á dé orí aṣọ náà. Ó ti jẹrà. Mo kó ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde, mo tò ó sílẹ̀ lójú gbogbo wọn: egungun ojúgun mi, àwọn egungun ọmọ ìka, gbígbẹ, funfun. Ahọ́n mi ṣì wúwo, mo sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Mo ní: "Ohun tí ẹ sin nìyí. Ẹ fi àrùn náà hàn mí nínú rẹ̀. Bí ó bá wà níbí, kí ló yí mi lẹ́nu láàárọ̀ yìí?"

Bàbá Rọjé wo egungun náà pẹ́. Ó jọ pé ó ń wá nǹkan níbẹ̀ lóòótọ́. Lẹ́yìn náà, ó gbé igi rẹ̀, ó wọlé. Ọkọ mi da egungun náà padà sínú kòtò, ó rọ́ yẹ̀pẹ̀ bò ó, kò bá a sọ ọ̀rọ̀ kankan, ó sì gbé mi lé orí zémìjàn.

Dókítà obìnrin yẹn na ìka sí mi lójú, ó ní ìkìlọ̀ ni èyí tó mú mi tó tún fi mí sílẹ̀, pé àwọn míì kì í rí ìkìlọ̀. Ó bú ọkọ mi náà, tòun ti eyín rẹ̀ tó ká. A gbà á. Ó tún kọ oògùn náà fún mi.

Nítorí náà, gbọ́. Ojú egbò tó jinná kì í ṣe ẹ̀rí pé àrùn ti lọ. Máa jẹun kí o tó lo oògùn rẹ, torí èyí kékeré yẹn lè ta ọ́ níkùn. Bí o bá rí ìgbẹ́ rẹ tó dúdú bí ọ̀dà, sáré lọ sọ fún wọn nílé ìwòsàn, ẹ̀jẹ̀ inú ni. Má lọ ra tìrẹ lórí àtẹ láàárín ọjà, jẹ́ kí dókítà rẹ sọ èyí tó bá ọ mu. Bí ara bá le, lò ó. Bí wọ́n bá gbàdúrà fún ọ, ṣe àmín, kí o sì lò ó. Bí àwọn tó fẹ́ràn rẹ bá ní kí o jáwọ́, jà.

Ẹsẹ̀ òsì mi wà níbí, ó gbóná. Ọwọ́ ọ̀tún mi ń mú igbá, ṣùgbọ́n kò lè fún aṣọ le mọ́. N kò tẹ ẹyìn mọ́, èmi ni mò ń tọ́ epo wò, mo sì ń bú àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́. Láràárọ̀, lẹ́yìn tí mo bá mu ẹ̀kọ, ọkọ mi á bọ́ sí àgbàlá, á da hóró oògùn sí mi lọ́wọ́ ní gbangba, á dúró títí n ó fi gbé e mì.

Bàbá Rọjé kò bá mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ náà. Ibi tó máa ń gbà lọ sóko, iwájú mi ni. N ó kí i kú òwúrọ̀. Kì í jẹ́ mi. N kò bínú. N ó tún un kí lọ́la, pẹ̀lú ẹnu mi yìí tó tọ́, kó gbọ́ ọ dáadáa.